Ọ̀nà Ẹ̀yìnkùlé Wa ní Chicago: Ta Ni Yóò Gbá A?

Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ fi iṣẹ́ ọjọ́ Sátidé sílẹ̀ wá jókòó síbí, mo kí gbogbo yín, ẹ kú ìjókòó. Àwọn tó pè mí ní kí n sọ̀rọ̀ lórí àyíká. Àyíká fẹ̀ púpọ̀. Mo lè máa sọ̀rọ̀ yìnyín tó ń yọ́ ní ìpẹ̀kun ayé títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, kí ẹ sì padà sílé láìrí ohun kan tí ẹ lè fọwọ́ kàn. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú ibi kan ṣoṣo tí gbogbo wa ń gbà kọjá lójoojúmọ́ tí a kì í wò lẹ́ẹ̀mejì: ọ̀nà tóóró ẹ̀yìn ilé wa, èyí tí gbogbo ará Chicago ń pè ní alley. Ibẹ̀ là ń gbé garawa ìdọ̀tí sí. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ ń gbà wọ ilé ìgbọ́kọ̀sí. Ibẹ̀ ni wọ́n ri òpó iná mọ́, ibẹ̀ náà sì ni eku fi ṣe ilé.

Ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀rẹ̀ sọ ohun tí mo bá wá. Ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé yìí lè gba ilé wa lọ́wọ́ àgbàrá, ó lè bá wa dín ooru kù, ó lè di ibi tí ọmọ ń ṣeré tí àgbà ń jókòó sí. Owó ìjọba wà fún un, ìmọ̀ ẹ̀rọ rẹ̀ náà sì wà. Ṣùgbọ́n bí àwọn tí ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn wọn ṣí sí i kò bá mú un bí ohun tiwọn, gbogbo owó àti ìmọ̀ náà yóò bá omi lọ. Ilé tí a bá fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Báwo ni ọ̀nà yìí ṣe débẹ̀? Ní ọdún 1830, kò tíì sí ìlú kankan níbí tó ju ilé díẹ̀ lọ ní etí odò. Ìjọba Illinois fẹ́ gbẹ́ ọ̀nà omi kan tí yóò so adágún Michigan pọ̀ mọ́ odò Illinois, wọn kò sì ní owó, ni wọ́n bá ní kí wọ́n ta ilẹ̀. Wọ́n gbé iṣẹ́ fún awọnlẹ̀ kan, James Thompson, pé kó pín ilẹ̀ náà sí ojúlé ojúlé. Ọjọ́ 4 oṣù kẹjọ ọdún náà ni wọ́n fi àwòrán rẹ̀ lélẹ̀, ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé sì ti wà nínú rẹ̀. Àwọn tó tún ìlú náà fẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ tẹ̀ lé àpẹẹrẹ yẹn títí ó fi di bí ó ṣe dà lónìí: ó tó 1,900 máìlì. Kò sí ìlú kan tí a tún mọ̀ láyé tó ní irú rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fẹsẹ̀ rin ín tán ti rin ìrìn Èkó sí Kánò, ó ti padà, ó sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Kánò lẹ́ẹ̀kejì. Ìbú rẹ̀ kò ju bí ẹsẹ̀ bàtà 16 lọ níbi púpọ̀, ṣùgbọ́n bí a bá kó gbogbo rẹ̀ jọ, ilẹ̀ tó lọ síbẹ̀ tó 3,500 éékà.

Iṣẹ́ tí wọ́n yàn fún un nígbà náà ni pé kó máa gbé ìdọ̀tí pamọ́. Èédú gba ibẹ̀ wọlé, eérú gba ibẹ̀ jáde, ìgbẹ́ ẹṣin wà níbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti dé New York mọ̀ pé wọ́n máa ń kó àpò ìdọ̀tí sí iwájú ilé, lójú títì gan-an. Chicago kò ṣe bẹ́ẹ̀ nítorí pé ó ní ẹ̀yìn. Àǹfààní ńlá ni. Àmọ́ ohun tí a bá ti fi ṣe ibi ìpamọ́ ìdọ̀tí fún ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó igba ọdún, ó ṣòro kí ojú ẹni tó rí ohun mìíràn níbẹ̀.

Omi ló mú kí ìjọba ìlú rántí ọ̀nà yìí. Ní Chicago, páìpù kan náà ló ń gbé omi ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti omi òjò. Bí òjò bá rọ̀ níwọ̀n, kò sí wàhálà, gbogbo rẹ̀ á lọ sí ibi tí wọ́n ti ń sọ ọ́ di mímọ́. Bí òjò bá pọ̀ jù, páìpù á kún, omi ẹlẹ́gbin á sì wá ibòmíràn gbà. Yóò ya wọ odò, tàbí kó gba ojú ihò inú yàrá abẹ́ ilé yín yọ sókè. Láti ọdún 1975 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ihò ńlá kan sábẹ́ ìlú tí wọ́n ń pè ní Deep Tunnel kí ó lè máa gba omi àpọ̀jù náà dúró. Gígùn rẹ̀ jẹ́ 109 máìlì, ọdún 2006 ni wọ́n sì tó gbẹ́ ẹ tán. Iṣẹ́ takuntakun ni, mo sì bọ̀wọ̀ fún àwọn tó ṣe é. Síbẹ̀, ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù keje ọdún 2023, òjò kan rọ̀ sí apá ìwọ̀ oòrùn ìlú yìí, ní agbègbè Austin àti Cicero lọ́hùn-ún, ó sì wọ yàrá abẹ́ ilé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn. Mo mọ̀ pé àwọn kan jókòó síbí tí ẹrù wọn bá a lọ, pẹ̀lú aṣọ àti àwòrán ìgbéyàwó tí kò ṣeé rà lọ́jà.

Ihò tó jìn lè gba omi tó bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí omi tó débẹ̀, páìpù kékeré tó wà lábẹ́ àdúgbò ni yóò kọ́kọ́ gbà, páìpù kékeré yẹn ló sì ń kún. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ gba yàrá abẹ́ ilé rẹ̀ là gbọ́dọ̀ wá bí òjò kò ṣe ní dé inú páìpù rárá. Ilẹ̀ ni kó mu ún. Ilẹ̀ wo ló wà nínú ìlú tí a ti fi ọ̀dà àti kọnkéré bò mọ́lẹ̀? Èyí ni wọ́n ń bi ara wọn tí wọ́n fi rántí 3,500 éékà tó wà lẹ́yìn ilé, tí ọ̀pọ̀ rẹ̀ kò tilẹ̀ ní ojú gọ́tà kankan, tí omi kàn ń dúró sí bí adágún.

Ọdún 2006 kan náà, nígbà tí Richard M. Daley jẹ́ olórí ìlú, ni ilé iṣẹ́ tó ń rí sí ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ ètò tí wọ́n pè ní Green Alley. Nígbà tó fi di ọdún 2010, èyí tí wọ́n ti ṣe lé ní 100. Ohun tí wọ́n ṣe kò jọra níbi gbogbo, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Níbòmíràn, gbogbo àtúnṣe kò ju pé kí wọ́n tún ìdagẹ̀rẹ̀ ọ̀nà ṣe kí omi lè ṣàn síta títì dípò kó wọ ilé ènìyàn. Níbòmíràn, wọ́n lo kọnkéré aláwọ̀ fífúyẹ́ tí kì í gba ooru sára bí ọ̀dà dúdú. Wọ́n lọ táyà àtijọ́ mọ́ ọ̀dà, wọ́n fọ́ kọnkéré àtijọ́ lò bí òkúta ìsàlẹ̀. Wọ́n pààrọ̀ iná òpó sí irú èyí tó ń tan ìmọ́lẹ̀ sílẹ̀ nìkan, tí kò ní máa tàn sójú fèrèsé ẹni tó ń sùn.

Èyí tí mo fẹ́ dúró lé lórí ni kọnkéré, ọ̀dà àti íńtálọ́ọ̀kì tó ń jẹ́ kí omi gba inú rẹ̀ kọjá. Tí wọ́n bá ń po kọnkéré lásán, wọ́n máa ń fi yanrìn kún àlàfo tó wà láàárín òkúta. Nínú irú èyí, wọ́n yọ yanrìn kúrò, nítorí náà àlàfo wà káàkiri inú rẹ̀. Abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n da òkúta wẹ́wẹ́ tó nípọn sí, omi òjò á wọlé, á dúró díẹ̀ láàárín òkúta, á sì máa jìn wọ ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i tí wọ́n da garawa omi kan sórí rẹ̀ yóò yanu: omi kò ṣàn, ó pòórá lójú ẹsẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ìyá tí ẹ ti sẹ́ ògì rí, ẹ mọ ohun tí èèrí máa ń ṣe fún aṣọ asẹ́. Bí ẹ kò bá máa gbọn ọ́n dànù, omi á dúró sórí asẹ́, kò ní sọ̀kalẹ̀ mọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀nà yìí rí. Ewé ìgbà ìwọ́wé á jẹrà sórí rẹ̀, erùpẹ̀ láti ara táyà á wọ inú rẹ̀, ẹnìkan á da ilẹ̀ ọgbà tó kù síbẹ̀, ẹlòmíràn á da epo ọkọ̀ tó pààrọ̀ síbẹ̀. Bí ọdún mélòó kan bá kọjá tí kò sí ẹni tó gbá a, tí ẹ̀rọ tó ń fa ìdọ̀tí kò sì dé ibẹ̀, kọnkéré olówó ńlá ti di kọnkéré lásán, adágún ti padà sí ipò rẹ̀. Ìjọba lè fi ẹ̀rọ ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Kò lè wà níbẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nígbà tí ewé ń já. Àwa tí ilé wa wà níbẹ̀ nìkan ló lè wà níbẹ̀.

Kí n tó lọ síwájú, mo fẹ́ mú yín délé díẹ̀, nítorí pé àwọn kan á ti máa sọ nínú ọkàn wọn pé nílé lọ́hùn-ún, a mọ ohun àjọni tọ́jú, pé Òyìnbó ló ń dá nìkan gbé. Òótọ́ àti àìdánilójú ló wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní agbo ilé ní Ìbàdàn, ní Ọjà'ba, ní Bẹẹrẹ, ní Ọjẹ́, ojú àgbàlá máa ń mọ́ kí oòrùn tó yọ. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà níbẹ̀ mọ ọmọ tí ìgbálẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ mọ ìyàwó ilé tí ó kàn lọ́la. Ọ̀nà tóóró tó ti agbo ilé kan dé òmíràn kò ní orúkọ lára, ẹni gbogbo ló ń gbà á, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ ya ìgbẹ́ sí i. Ṣùgbọ́n ìlú Ìbàdàn kan náà ni odò Ògùnpa ti kún ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, tó gbé ilé àti ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ, àwọn ènìyàn kan náà tó ń gbá àgbàlá láàárọ̀ ló sì ti ń da ìdọ̀tí sínú odò náà. Kì í ṣe pé wọ́n dára láàárọ̀ kí wọ́n tó burú lálẹ́. Àgbàlá ní ẹni tó kàn láti gbá a, odò kò ní. Gbogbo ohun tí mò ń bẹ̀ yín kí ẹ ṣe sí ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé yín kò ju ìyẹn lọ: kí ẹ̀yin àti aládùúgbò yín mọ ẹni tí ó kàn.

Mo rí i pé àwọn kan ń mi orí, bóyá nítorí pé aládùúgbò yín kì í ṣe Yorùbá. Ó lè jẹ́ ará Mẹ́síkò, ó lè jẹ́ aláwọ̀ dúdú tí àwọn òbí rẹ̀ wá láti Mississippi, ó lè jẹ́ ará Poland. Kò burú. Àwọn aláwọ̀ dúdú tó ti gúúsù wá sí ìlú yìí ti dá ẹgbẹ́ aládùúgbò tí wọ́n ń pè ní block club sílẹ̀ láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, Chicago Urban League, ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú, sì wà lára àwọn tó ràn wọ́n lọ́wọ́. Ẹ ti rí pátákó wọn ní ìkòríta apá gúúsù àti ìwọ̀ oòrùn: má tún ọkọ̀ ṣe síbí, má gbá bọ́ọ̀lù síbí, má pariwo síbí. Àwọn èèwọ̀ yẹn pọ̀ jù lójú mi, pàápàá ti bọ́ọ̀lù, ṣùgbọ́n ẹ̀mí tó wà nídìí rẹ̀ ni mò ń wí. Ẹ wọ inú ẹgbẹ́ náà. Ẹ má lọ dá tiyín sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Bí ẹ bá fẹ́ rí àpẹẹrẹ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kẹ́sẹ járí, Montréal ní Kánádà ni kí ẹ wò. Ìlú náà ní ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé púpọ̀ bíi tiwa, yìnyín tiwọn sì ju tiwa lọ. Láti àárín àwọn ọdún 1990 ni àwọn ará ibẹ̀ ti ń sọ ọ̀nà wọn di ohun tí wọ́n ń pè ní ruelle verte, ó sì ti lé ní 400 báyìí. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú rẹ̀ ni bí ó ṣe ń bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe ìjọba ló ń kọ́kọ́ dé. Àwọn ará ilé ló máa ń para pọ̀, wọ́n á dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀, wọ́n á kan ìlẹ̀kùn ojúlé kọ̀ọ̀kan láti gba ìfọwọ́sí, kí wọ́n tó kọ̀wé sí ìjọba àdúgbò. Bí wọ́n bá gbà, ìjọba á wá gbẹ́ ọ̀dà kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, á kó ilẹ̀ àti igi wá. Àwọn ará ilé ló máa gbìn, àwọn ló máa bomi rin. Ọkọ̀ ṣì lè kọjá níbi púpọ̀, ṣùgbọ́n ó di dandan kó rọra, nítorí pé òdòdó ti gba apá kan, ọmọdé sì gba ìyókù.

Ẹ fi wé tiwa. Ní Chicago, a fi kọnkéré bẹ̀rẹ̀ kí a tó wá ènìyàn. Ní Montréal, wọ́n fi ènìyàn bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó gbẹ́ ilẹ̀. Lójú tèmi, tiwọn ló tọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣẹ́ ẹ̀rọ tiwa jinlẹ̀ ju tiwọn lọ.

Ọ̀rọ̀ ooru kò gbà kí n fi ẹnu fẹ́ẹ́rẹ́ kàn án. Ní oṣù keje ọdún 1995, ooru mú ní ìlú yìí tó fi dé 106 lórí òṣùwọ̀n Fahrenheit ní pápá ọkọ̀ òfurufú Midway. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, àwọn tó kú ju iye tó yẹ kó kú nírú àsìkò bẹ́ẹ̀ lọ jẹ́ 739. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ àgbàlagbà tó ń dá gbé, tí wọ́n ti fèrèsé pa nítorí ẹ̀rù olè, tí ẹnikẹ́ni kò kan ìlẹ̀kùn wọn. Kọnkéré fífúyẹ́ àti igi tó ní ìbòòji lè dín ooru kù díẹ̀, ó sì yẹ kí a ní wọn. Àmọ́ ohun tí ìbá gba ọ̀pọ̀ nínú wọn là ni ẹnìkan tó mọ̀ pé, "A kò rí Mama Johnson látàná o." Ènìyàn kì í mọ irú ìyẹn láti iwájú ilé tí gbogbo ìlẹ̀kùn ti wà ní títì. Ẹ̀yìn la ti ń mọ̀ ọ́n, níbi tí a ti ń gbé ìdọ̀tí jáde tí a sì ti ń kí ara wa. Àwọn àgbà wa ti ń darúgbó níbí báyìí. Àwọn tó dé ní ọdún 1980 sí 1989 ti fẹ̀yìn tì, àwọn ọmọ wọn sì ti kó lọ sí Texas àti Georgia. Ọ̀rọ̀ 1995 kì í ṣe ìtàn ẹlòmíràn fún wa mọ́.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan á béèrè nípa ààbò, nítorí pé gbogbo ìgbà tí mo bá mẹ́nu kan ọ̀rọ̀ yìí ni wọ́n ń béèrè. Ṣé kí a kàn fi géètì dí i ni? Baltimore ṣe òfin ní ọdún 2007 tó fàyè gba àwọn ará ilé láti fi géètì sí ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé wọn, àwọn ibì kan níbẹ̀ sì dára gan-an, òdòdó kún un, ìjókòó wà níbẹ̀. Ẹ̀yin tó ti gbé Èkó mọ géètì àdúgbò àti ọlọ́dẹ rẹ̀ dáadáa. Èmi kò fara mọ́ ọn fún wa níbí. Ìdí kìn-ín-ní rẹ̀ ni àwọn tó ń fi ọkọ̀ akẹ́rù àtijọ́ kọjá lẹ́yìn ilé láti ṣa irin. Wọ́n ń kó ẹ̀rọ ìfọṣọ tó ti bàjẹ́, wọ́n ń kó páìpù, wọ́n ń gbé e lọ tà, wọ́n sì ń fi bọ́ ọmọ. Àjèjì bíi tiwa ni púpọ̀ nínú wọn, iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe fún àyíká ìlú yìí sì pọ̀ ju ohun tí ẹnikẹ́ni dúpẹ́ rẹ̀ lọ. Bí géètì bá dé, oúnjẹ wọn ti lọ nìyẹn.

Ìdí kejì, àwọn ọmọ wa ọkùnrin. Wọ́n kan agbọ̀n bọ́ọ̀lù mọ́ ara ilé ìgbọ́kọ̀sí, wọ́n ń gbá a lẹ́yìn ilé. Ní ọ̀pọ̀ àdúgbò, bí ọmọ aláwọ̀ dúdú mẹ́rin bá dúró síbì kan, ẹnìkan ti gbé fóònù pe ọlọ́pàá. Ibi tí gbogbo ènìyàn lẹ́tọ̀ọ́ sí ni kó wà bẹ́ẹ̀, kí aládùúgbò sì mọ orúkọ ọmọ náà. Ọmọ tí wọ́n bá mọ orúkọ rẹ̀, wọn kì í pe ọlọ́pàá sí i, ìyá rẹ̀ ni wọ́n ń pè. Ojú tó ń wo ọ̀nà ju géètì lọ. Ìdí nìyẹn tí inú mi fi dùn sí òfin tí ìgbìmọ̀ ìlú ṣe ní ìparí ọdún 2020, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1 oṣù karùn-ún ọdún 2021, tó tún fàyè gba ilé kékeré lẹ́yìn ilé ní àwọn agbègbè kan. Láti ọdún 1957 ni òfin ìkọ́lé ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa irú ilé bẹ́ẹ̀ rẹ́. Bí ìyá wa bá lè gbé ilé kékeré tí ìlẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sí ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, olè wo ni yóò kọjá níbẹ̀ tí kò ní gbọ́ ẹ káàárọ̀?

Ẹ̀rù kan tún wà tí mi ò ní fi pamọ́. Bí ibì kan bá dára, owó ilé á lọ sókè. Nígbà tí wọ́n sọ ojú irin àtijọ́ lápá àríwá ìlú di ọ̀nà ìrìn-àjò ẹlẹ́sẹ̀ àti kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń pè ní The 606, tí wọ́n ṣí ní oṣù kẹfà ọdún 2015, iye ilé lápá ìwọ̀ oòrùn rẹ̀ gbéra, àwọn ayálégbé tó ti ń gbé ibẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ sì rí i pé agbára wọn kò ká a mọ́. Ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé kéré sí ìyẹn, kò ní fa ọ̀wọ́n gógó bẹ́ẹ̀ bí a bá ṣe é káàkiri dípò ibì kan ṣoṣo. Síbẹ̀, ẹ̀yin onílé tó wà níbí, àwọn ayálégbé yín ló máa gbá ọ̀nà yẹn pẹ̀lú yín. Ẹ má ṣe jẹ́ kó jẹ́ pé nígbà tó bá mọ́ tán lẹ ó sọ pé kí wọ́n kó jáde.

Níbo ni owó ti máa wá? Ìlú yìí ní wọ́ọ̀dù 50. Káńsílọ̀ kọ̀ọ̀kan ní owó tó lé ní mílíọ̀nù kan dọ́là lọ́dọọdún tó lè yàn ohun tí wọ́n á fi tún ṣe ní wọ́ọ̀dù rẹ̀, ojú ọ̀nà, iná, àti ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé. Ní Rogers Park, wọ́ọ̀dù 49, níbi tí àwọn èèyàn wa wà, káńsílọ̀ ìgbà náà, Joe Moore, gbé owó náà fún àwọn ará àdúgbò ní ọdún 2009 pé kí àwọn fúnra wọn dìbò yan ohun tí wọ́n fẹ́. Òun ni ìgbà àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Porto Alegre ní Bràsíìlì ni wọ́n ti kọ́ ọ, níbi tí wọ́n ti ń ṣe é láti ọdún 1989. Ẹ gbọ́ èyí dáadáa: kò pọn dandan kí ènìyàn jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà kó tó dìbò yẹn. Ẹni tó bá ti ń gbé wọ́ọ̀dù náà ti tó. Ẹni tó ń dúró de ìwé ìgbélùú lè sọ ibi tí owó máa lọ. Ẹ béèrè lọ́wọ́ káńsílọ̀ tiyín ìdí tí kò fi ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ má dúró de owó náà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Yìnyín á tún dé. Ìjọba kì í kó yìnyín ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, nítorí pé ẹ̀rọ wọn á kàn tì í mọ́ ilẹ̀kùn ilé ìgbọ́kọ̀sí ni. Oníkálukú á máa gbẹ́ tiẹ̀, ọkọ̀ á sì rì sáàárín. Ẹ ṣe é láàáró. Ilé mẹ́wàá tó bá para pọ̀ kó yìnyín lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ti mọ orúkọ ara wọn, nọ́ńbà fóònù ara wọn ti wà lọ́wọ́ wọn. Ìgbìmọ̀ tí Montréal ń wí nìyẹn, ẹ ti ní i láìkọ ìwé kankan.

Lẹ́yìn ìyẹn, òrùlé. Òrùlé tó fẹ̀ tó 1,000 ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin, bí òjò íǹṣì kan bá rọ̀ sí i, omi tó ń ti orí rẹ̀ bọ̀ lé ní gálọ́ọ̀nù 600. Àgbá omi òjò tí àwọn ìyá wa ń gbé sábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ dára, ẹ rà á, ṣùgbọ́n gálọ́ọ̀nù 55 ló ń gbà, yóò kún kíákíá. Ẹ jẹ́ kí ìyókù ṣàn sínú ọgbà, jìnnà sí ìpìlẹ̀ ilé. Bí ẹ bá sì fẹ́ gbin tẹ̀tẹ̀ tàbí ewédú létí ọ̀nà náà, tó máa ń ṣe dáadáa níbí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, inú àpótí tí ẹ bu ilẹ̀ tuntun sí ni kí ẹ gbìn ín. Ilẹ̀ ẹ̀yìn ilé àtijọ́ ní ìlú yìí sábà máa ń ní òjé láti ara ọ̀dà ilé àti epo ọkọ̀ ayé ìgbà kan, òjé sì ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Ẹ ṣàyẹ̀wò ilẹ̀ kí ẹ tó jẹ ohunkóhun tó hù nínú rẹ̀.

Ohun tó kẹ́yìn jẹ́ nípa irú ilẹ̀ tí ẹ ní, nítorí òun ló máa pinnu irú àtúnṣe tí ẹ lè béèrè fún. Àwọn tó wà nítòsí adágún sábà máa ń ní yanrìn, omi á tètè jìn. Ọ̀pọ̀ ibi tó jìnnà sí adágún jẹ́ amọ̀, ibẹ̀ gba òkúta tó nípọn sí i tàbí páìpù kékeré lábẹ́ rẹ̀. Ẹ gbẹ́ ihò tó jìn tó ẹsẹ̀ bàtà kan lẹ́yìn ilé yín, ẹ pọn omi kún un, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ tún pọn ọn, kí ẹ wá wo iye wákàtí tó gbà. Bí òjò bá rọ̀, ẹ gbé fóònù, ẹ ya fídíò ibi tí omi dúró sí àti ibi tó ń wọ ilé. Kí ẹ gbé e wá sí ìpàdé wa tó ń bọ̀, pẹ̀lú aládùúgbò kan ó kéré tán, bí kò tilẹ̀ gbọ́ Yorùbá. A ó túmọ̀ fún un. Mo ti ṣe tán láti gbọ́ ìbéèrè yín.